Kò Mu Sìgá Rí: Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀fóró Láàrin Àwọn Ọ̀dọ́

Ní Odògbólú níbí, bí ọ̀dọ́ kan bá ń húkọ́ tí ó sì ń rù, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ kún ẹnu àwọn ènìyàn. Àwọn kan á ní ó ti ń mu sìgá ní ìkọ̀kọ̀. Bí wọ́n bá rántí pé jẹjẹrẹ ló pa ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, wọ́n á ní ègún ìdílé ni. A ti jókòó ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí ibùsùn rí. Olùkọ́ ni arábìnrin náà, ọmọ ọdún 31, kò sì fi sìgá kan ẹnu rí. Ohun tí ó dùn ún ju àyà rẹ̀ lọ ni pé àwọn ará ń béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí ó dá.

Òtítọ́ ni pé sìgá ni olórí ohun tí ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, àwọn tí wọ́n ti lé ní 60 ọdún ni ó sì ń mú jù. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí kò tí ì pé 40 ọdún, ọ̀pọ̀ ni kò mu sìgá rí. Kí ló wá fà á?

Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni Ọlọ́run kọ ìlànà sí, tí ń sọ ìgbà tí yóò dàgbà àti ìgbà tí yóò dúró. Jíìnì ni àwọn onímọ̀ ń pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín sí méjì, ó ní láti da ìlànà náà kọ, bí àwọn akọ̀wé àtijọ́ ti ń fi ọwọ́ da Ìwé Mímọ́ kọ. Akọ̀wé a máa ṣi lẹ́tà kọ. Nígbà mìíràn ojú ìwé méjì a lẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn. Bí àṣìṣe bá bọ́ sí ibi tí a ti kọ “dúró”, sẹ́ẹ̀lì náà á máa dàgbà ṣáá.

Ní 2004 ni wọ́n rí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ nínú jíìnì EGFR. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jàpáànì rí i pé jíìnì ALK lè lẹ̀ mọ́ òmíràn. Ní 2016, ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Dana-Farber ní Boston gbé ìwádìí jáde lórí ènìyàn 2,237 tí wọ́n ní àrùn yìí: lára àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ti máa ń rí àṣìṣe tí oògùn lè dojú kọ jù.

Ẹ kíyè sí i: nínú kókó tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ni ọ̀pọ̀ jù lọ àṣìṣe wọ̀nyí ti ṣẹlẹ̀. A kò bí i mọ́ aláìsàn, kò sì ní fi í bí ọmọ. Ìdílé díẹ̀ wà tí wọ́n ń jogún jíìnì tí ó ní àbùkù, bíi TP53. Bí jẹjẹrẹ bá ti mú ẹni méjì mẹ́ta ní kékeré nínú ìdílé yín, ẹ sọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n ogún ara nìyẹn náà, bí ẹ̀jẹ̀ SS. Kì í ṣe ìdájọ́. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn béèrè irú ìbéèrè yìí nípa afọ́jú inú Jòhánù orí 9, Jésù kò sì dá òun tàbí òbí rẹ̀ lẹ́bi.

Mímọ àṣìṣe náà ní èrè. Láti 2011 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí crizotinib, oògùn tí a ń gbé mì, fún àwọn tí ALK wọn ti lẹ̀ mọ́ òmíràn. Àwọn tó lágbára jù ú sì ti tẹ̀lé e. Owó rẹ̀ wọ́n, kì í sì í wo àrùn tó ti tàn ká sàn pátápátá, ṣùgbọ́n ó ti fi ọdún kún ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Kí ni ṣíṣe? Bí ikọ́ bá ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ife. Ọ̀fẹ́ ni lábẹ́ ètò ìjọba. Bí kò bá jẹ́ òun, tàbí tí oògùn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹ má jókòó sílé. Àrùn méjèèjì jọra: ikọ́, ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, àárẹ̀, rírù. Ẹ béèrè fún fọ́tò àyà. Bí wọ́n bá rí kókó, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà ní Ṣágámù, UCH sì wà ní Ìbàdàn. Ẹ̀yin ìyá wa tí ń yan gàrí, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa wọ ibi ìdáná yín. Èéfín igi kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró yín, àti ti ọmọ tí ẹ pọ̀n sẹ́yìn.

Oṣù mẹ́jọ ni arábìnrin wa fi ń lo oògùn ikọ́ ife kí a tó mọ ohun tí ń ṣe é. Ó ti pẹ́ jù. Àwa náà gbàdúrà fún un ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, a kò sì rántí béèrè pé ṣé wọ́n ti ya fọ́tò àyà rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ máa gbàdúrà, kí ẹ sì máa béèrè.