Ìgbẹ́ Gbuuru Inú Ilé Ìwòsàn: Ìdí Tí Rírí Kòkòrò Nìkan Kò Fi Tó Ẹ̀rí

Nínú àwọn àrùn tí aláìsàn ń kó ní ilé ìwòsàn, tí kò bá a wá láti ilé, ìgbẹ́ gbuuru tí bakitéríà Clostridioides difficile ń fà wà lára èyí tó le jù, nítorí pé oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń wo àìsàn mìíràn ló sábà máa ń ṣílẹ̀kùn fún un: oògùn náà a pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun ńlá, bakitéríà yìí a gba ààyè wọn, a sì máa tú oró méjì jáde, A àti B, tí ń ba ara ìfun jẹ́. Ọdún 1935 ni Hall àti O'Toole kọ́kọ́ rí i nínú ìgbẹ́ ọmọ tuntun, tí wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ Látìn tó túmọ̀ sí ohun tó ṣòro, nítorí pé ó nira láti mú un hù. Ó di ọdún 1978 kí àwọn oníwádìí tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun ló ń da inú àwọn tó lo oògùn apakòkòrò rú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀ ni pé àwọn ọmọ tuntun wọ̀nyẹn kò ṣàìsàn. Àwọn àgbàlagbà kan pẹ̀lú ń gbé e kiri láìmọ̀, ẹ̀yà rẹ̀ mìíràn kò sì lè ṣe oró rárá. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ló wà níwájú yàrá àyẹ̀wò: ṣé bakitéríà náà wà, ṣé ó sì ń tú oró? Àyẹ̀wò GDH, tó ń wá ènsáìmù tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ń ṣe, ń dáhùn ìbéèrè kìíní. Àyẹ̀wò PCR ń wá jíìnì tó ń darí ṣíṣe oró, ojú rẹ̀ sì mú gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọ̀bẹ nílé kò tíì gún ẹnikẹ́ni. Àyẹ̀wò EIA ló ń wá oró fúnra rẹ̀. Ó yá, àmọ́ oró tí kò pọ̀ lè bọ́ mọ́ ọn lójú.

Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2015 láti ilé ìwòsàn kan ní Kalifọ́níà fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere: nínú aláìsàn 1,416, PCR mú 293, ṣùgbọ́n 131 péré ni oró wà nínú ìgbẹ́ wọn, àwọn tí kò ní oró sì rí bí ẹni tí kò ní bakitéríà náà rárá. Abájọ tí ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 2012 fi ní kí wọ́n fi GDH tàbí PCR ṣáájú, kí àyẹ̀wò oró sì tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rọ kì í sì í ṣe onídàájọ́ nìkan. Ìgbẹ́ ṣíṣàn nìkan ló yẹ fún àyẹ̀wò, ti ẹni tó yà á tó ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín wákàtí 24 láìjẹ́ pé ó lo oògùn tó ń mú ni yàgbẹ́. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ tètè gbé e sínú fíríìjì, nítorí oró náà lè pòórá láàárín wákàtí méjì bí kò bá sí níbi tútù. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í tún àyẹ̀wò ṣe fún ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ ti dì, nítorí pé bakitéríà náà ṣì lè wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti yá.