Kí A Tó Ya Fọ́tò Nílẹ̀ Onílẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn wa ní Sabon Gari, àti gbogbo ọmọ Yorùbá tó fi Kánò ṣe ibùgbé, ọ̀rọ̀ fọ́tò ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe fọ́tò ìnáwó o, fọ́tò tí arìnrìn-àjò ń yà ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀ ni.

Ohun tó fà á nìyí. Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa, tí wọ́n bí sí Sabon Gari níbí ṣùgbọ́n tó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà, wá kí àwọn òbí rẹ̀. Ó kó fọ́tò wá sí ìpàdé wa ní ọjọ́ Àìkú kan. Ìyá kan wò ó, ó ní iná ni. Ẹlòmíràn ní aṣọ àlàárì ni wọ́n ká jọ. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní òkúta ni.

Antelope Canyon ni wọ́n ń pe ibẹ̀, nítòsí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Page ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní apá ibi tó jẹ́ aṣálẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Pàlàpálá àpáta ni. Òkúta oníyanrìn ló wà níbẹ̀; bí òjò bá rọ̀, àgbàrá á kó yanrìn dání, á máa ha òkúta náà bí ìgbà tí ènìyàn ń fi yanrìn fọ ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ni omi ṣe gbẹ́ ọ̀nà tóóró sínú àpáta láti ayébáyé, débi pé ní àwọn ibòmíràn ènìyàn méjì kò lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ògiri rẹ̀ sì ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ dáadáa.

Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yà á fún wa. Oòrùn kì í sábà dé ìsàlẹ̀ ibẹ̀ tààrà. Ara ògiri òkè ló ti ń kọlu, á ta sí ògiri kejì, á tún ta padà, títí gbogbo rẹ̀ á fi pọ́n bí epo. Ní ìgbà ooru wọn, nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí, ìtànṣán kan á wọlé láti òkè bí ìgbà tí páànù ilé bá lu, á dúró ṣánṣán nínú eruku. Kò dára kí ènìyàn tan iná kámẹ́rà níbẹ̀, nítorí iná náà á pa àwọ̀ òkúta. Nítorí pé ibẹ̀ ṣókùnkùn, ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ là sílẹ̀ pẹ́ díẹ̀, bí ọwọ́ bá sì gbọ̀n, fọ́tò ti bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi fẹ́ràn irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé. Wọn kì í sì í tú ojú kámẹ́rà pààrọ̀ nínú ibẹ̀, torí yanrìn ń dà láti òkè. Àwa tí a mọ ohun tí eruku ọyẹ́ ń ṣe sí rédíò ní Kánò kò nílò àlàyé lórí ìyẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ wa pariwo nígbà tó sọ ti owó. Ní oṣù Kejìlá 2014, Peter Lik, ayàwòrán ọmọ Australia, kéde pé òun ta fọ́tò kan ṣoṣo tí òun yà níbẹ̀ ní mílíọ̀nù 6.5 dọ́là. Kò dárúkọ ẹni tó rà á, àwọn kan sì bá a jiyàn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwa àgbà gbọ́ jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ilẹ̀ náà ní olówó. Ti ẹ̀yà Navajo ni, àwọn tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Kò sí àlejò tó lè dá wọ ibẹ̀. Afinimọ̀nà tí àwọn Navajo fún ní àṣẹ ló gbọ́dọ̀ mú un wọlé, owó sì ni. Nígbà kan wọ́n máa ń mú àwọn ayàwòrán tó gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọlé lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fòpin sí i ní òpin 2019. Ọmọ náà ní inú bí òun sí ìyẹn. A bi í pé ilé ta ni? Ó dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí tún wà ńbẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ 1997, arìnrìn-àjò 11 kú sínú apá ìsàlẹ̀ pàlàpálá náà. Òjò kò rọ̀ lórí wọn. Ibi tó jìnnà ló ti rọ̀, omi sì rọ́ wọ inú ọ̀nà tóóró náà, ó gbá wọn lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kan àkàbà irin mọ́ àpáta dípò ti igi. Ẹ̀yin oníṣòwò aṣọ tí omi wọ ṣọ́ọ̀bù yín ní Kantin Kwari ní 2022 mọ bí omi ṣe ń yára.

Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Ọmọ yìí gbé kámẹ́rà, ó dá wọ ìlú àtijọ́ lọ. Ó ní àwọn ọ̀nà tóóró láàárín àwọn ilé alámọ̀ ibẹ̀ jọ pàlàpálá Arizona: ògiri pupa méjì, ọ̀run tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gangan tó já sí ojú kan. A kò lè jiyàn. Àti kékeré la ti ń gba ibẹ̀ kọjá, a kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Yorùbá ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹnu ọ̀nà tó dúró sí, wọ́n kọ ọ́ sí lára pé obìnrin ilé ọkọ ń gbé ibẹ̀, kí ọkùnrin àjèjì má wọlé. Haúsá ti ń sá mọ́ ọn lórí, kò kà á. Bó ṣe ń tẹ kámẹ́rà ni ìyàwó ilé yọ síta láti da omi nù. Kí ó tó mọ ohun tó ń lọ, àwọn ọ̀dọ́ ti yí i ká, wọ́n ti gba kámẹ́rà, wọ́n ń bi í pé ta ló rán an. Ẹ má bínú sí wọn ju bó ti yẹ lọ. Láti ìgbà tí bọ́ǹbù ti dún ní Kánò ní oṣù Kìíní 2012, ẹni tó bá ń ya ilé àti ọ̀nà kiri ń dẹ́rù ba ènìyàn. Bí àjèjì bá dúró síwájú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tiwa náà tó ń yà á, a ó bi í.

Télọ̀ kan tó mọ bàbá rẹ̀ ló tẹ̀ wá láago. Àwa mẹ́ta la lọ, àyà wa sì ń já. Àwọn àgbà sọ ti 1953 fún wa, àwa fúnra wa sì wà ní Sabon Gari ní 1991. A mọ bí ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ń di ohun tí a ń gbé ọmọ pọ̀n sá fún. Mai unguwa gbà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a kí i, a ní ọmọ wa ni, ẹ̀bi wa ni tí a kò kìlọ̀ fún un. Ó ní kí a pa àwòrán náà rẹ́ níṣojú ọkọ obìnrin náà, a sì pa á rẹ́. Ọkọ náà wá sọ pé ká ní ó béèrè lọ́wọ́ òun ni, òun ìbá mú un gun òrùlé, ibẹ̀ ni ọ̀nà náà ti dára jù.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ mai unguwa fúnra rẹ̀ ló mú un kiri. Wọ́n dé kòtò aró ní Kofar Mata, tí wọ́n ní ó ti wà láti 1498. (Ní ilé wa obìnrin ló ń re aró, inú ìkòkò sì ni, níbí ọkùnrin ni, inú kòtò ni. Àwọn ìyá wa kì í yé fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́.) Wọ́n gun òkè Dálà, níbi tí Heinrich Barth, ará Jámánì, ti fọwọ́ ya àwòrán ìlú Kánò ní 1851. Àlejò ni òun náà, ó sì gbé ẹ̀bùn lọ kí Ọba Kánò ìgbà náà, Usman.

Ẹgbẹ́ wa ti pinnu pé àlejò wa yòówù tó bá fẹ́ gbé kámẹ́rà wọ ìlú àtijọ́, kó kọ́kọ́ rí akọ̀wé wa, a ó bá a wá ẹni tí yóò mú un lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ní fóònù lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú.

Ó ku gbèsè kan nílẹ̀. Aláró àgbà kan ní Kofar Mata jẹ́ kó ya òun, kò gba kọ́bọ̀. Ohun tó béèrè kò ju fọ́tò kan lọ, ti bébà, kì í ṣe ti fóònù. Ọmọ náà ṣèlérí, ó sì ti padà sí Amẹ́ríkà. Bí a bá ti kọjá níbẹ̀ báyìí, bàbá náà á na ọwọ́ sí wa, ọwọ́ tí aró ti kùn títí dé ìgúnpá: “Ina hotona?” Fọ́tò mi dà? A ti ní kí ọmọ náà fi ránṣẹ́ sórí fóònù wa, kí a bá a tẹ̀ ẹ́ jáde ní Sabon Gari níbí. Títí di àárọ̀ tí a ń kọ èyí, kò tíì dé.