Gbígbé Omi Lórí Kẹ̀kẹ́ fún Ìrìn Ọ̀nà Jíjìn: Àyẹ̀wò láti Ilẹ̀ Rẹ́mọ

1. Ìfáárà

Ète bébà yìí ni láti ṣàlàyé bí ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí ọ̀nà jíjìn ṣe lè yan ohun tí yóò fi gbé omi mímu rẹ̀. Eré-ìje alápá mẹ́ta, èyí tí a mọ̀ sí triathlon, ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ohun tí àwọn eléré ń jiyàn lé lórí. Nínú irú rẹ̀ tí ó gùn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Hawaii ní ọdún 1978, eléré yóò lúwẹ̀ẹ́ bíi kìlómítà 4, yóò gun kẹ̀kẹ́ fún 180, yóò sì tún fi ẹsẹ̀ sáré fún 42. Orí kẹ̀kẹ́ ni àǹfààní omi mímu ti pọ̀ jù: a kì í mu omi òkun, bẹ́ẹ̀ ni ikùn tí omi ń mì nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn gbádùn eré sísá.

Ojú ọ̀nà tí àwọn olùrànlọ́wọ́ ti ń na ìgò omi sí eléré ni a ní lọ́kàn nígbà tí a ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn ohun èlò wọ̀nyí. Ẹni tí ń dánra wò láti Ṣágámù gba Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Ilíṣàn kò ní irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ohun tí yóò yàn kò ní láti jẹ́ ọ̀kan náà.

2. Ìṣirò omi

Òógùn ni ara fi ń tu ara rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ kúrò lára nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ náà. Èyí tí ó kán sílẹ̀ ti ṣòfò. Ní àkókò òjò, ọ̀rinrin a máa pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ Rẹ́mọ tó bẹ́ẹ̀ tí òógùn fi ń ṣàn lásán. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, ó ń gbẹ kí á tó rí i, ẹni tí ó ti pàdánù omi púpọ̀ sì lè rò pé òun kò tilẹ̀ làágùn.

Lítà kan láàárín wákàtí kan kì í ṣe ohun àjèjì nínú ooru. Bí eléré bá ń lọ ní kìlómítà 30 ní wákàtí kan, wákàtí 6 ni yóò fi parí 180, òógùn rẹ̀ yóò sì tó lítà 6. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Ta ni yóò di kílò 6 mọ́ kẹ̀kẹ́ eré-ìje? Ìgò méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba sẹ́ńtílítà 75 jẹ́ lítà kan àbọ̀, èyí sì tó ìrìn kìlómítà 45. Kí a tó bi ara wa pé ìgò wo ni ó dára, ó yẹ kí a ti mọ ibi tí a ó ti tún omi rọ.

Ní Rẹ́mọ, àwọn ìlú sún mọ́ra, a sì ń ta omi inú ọ̀rá káàkiri. Èyí tí ó gba sẹ́ńtílítà 50 ni ó wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rá kò ṣe é há mọ́ kẹ̀kẹ́. Bí a bá ti fi eyín já a, àfi kí a mu ún tán tàbí kí a dà á sínú nǹkan mìíràn. Ìgò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ni ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ibí nílò: ọ̀rá mẹ́ta yóò kún méjì irú rẹ̀ láìṣẹ́kù. Ìgò pẹlẹbẹ tí a mọ bá irin kẹ̀kẹ́ nítorí afẹ́fẹ́ wuni lójú lóòótọ́, àmọ́ ó ṣòro láti rọ omi ọ̀rá sí i, ó sì tún ṣòro láti fọ̀.

3. Ibi tí omi yóò wà

Àwọn adẹ́mu ti yanjú apá kan ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ẹni tí ó bá ti rí wọn bí wọ́n ti ń ti oko bọ̀ yóò ṣàkíyèsí pé kẹ́ẹ̀gì ẹmu a máa wà lọ́tùn-ún àti lósì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, kí ìwúwo wọn lè bára mu. Ẹrù tí ó wà nísàlẹ̀, láàárín kẹ̀kẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ mì ín. Èyí tí a gbé kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ a máa mú kí ó ṣòro láti darí. Nítorí náà irin àárín ni ibi tí ó tọ́ sí ìgò àkọ́kọ́.

Àléébù rẹ̀ ni pé eléré ní láti bẹ̀rẹ̀ mú un, kí ó sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo tọ́ kẹ̀kẹ́. Lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Benin, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn, ìṣẹ́jú àáyá méjì tí ojú fi kúrò lọ́nà tó láti fa jàǹbá. Ìgò kejì ni kí a dùbúlẹ̀ sí àárín apá méjèèjì, kí ó ní rọ́bà ìfàmu tí ó dé ìtòsí ẹnu. Bí ó tilẹ̀ ń mú ìdarí wúwo díẹ̀, ojú kò ní kúrò níwájú, a sì gbà pé èyí borí àléébù náà. Ti ẹ̀yìn ìjókòó ni a kò fẹ́ràn rárá: kòtò kan lè ta ìgò náà nù, ẹni tí ó ni ín kò sì ní mọ̀ títí òùngbẹ yóò fi gbẹ ẹ́.

4. Omi àti iyọ̀

Iyọ̀ wà nínú òógùn. Ẹni tí ó bá ń mu omi fún wákàtí púpọ̀ ju bí ó ti ń làágùn lọ lè mú kí omi bo iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ọpọlọ rẹ̀ wú, kí ó sì kú. Nínú àyẹ̀wò tí a ṣe fún àwọn sárésáré 488 ní Boston ní 2002, tí a sì tẹ̀ jáde ní 2005, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ. Ìdí nìyí tí a fi dábàá pé kí omi lásán wà nínú ìgò iwájú, kí omi oníyọ̀ àti ṣúgà sì wà nínú ti irin àárín. Ṣúgà a máa ran iyọ̀ àti omi lọ́wọ́ láti gba inú ìfun wọ ẹ̀jẹ̀. Òye kan náà ni a fi kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ ní ilẹ̀ wa láti po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru. Síbẹ̀, omi oníyọ̀ pàápàá kò gba ẹni tí ó bá mu àmujù sílẹ̀.

Láti mọ òṣùwọ̀n tirẹ̀, kí eléré wọn ìwúwo ara rẹ̀ kí ó tó gun kẹ̀kẹ́, kí ó sì tún wọ̀n ọ́n bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, láìwọ aṣọ tí òógùn ti rin. Kílò kan tí ó dín jẹ́ bíi lítà omi kan tí kò tíì dá padà. Ẹni tí ìwúwo rẹ̀ bá lé sí i ti mu ju bí ó ti yẹ lọ.