Ewúrẹ́ àti ọ̀rọ̀ kékeré

Ìlárá jẹ́ ìlú kan ní ẹnu ààlà. Apá kan rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, apá kejì wà ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn ọmọ apá ìhín ń kọ́ Faransé ní ilé-ìwé. Àwọn ọmọ apá ọ̀hún ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé.

Ní ọjọ́ ọjà kan, ọmọkùnrin kan tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ ta èlùbọ́ níbẹ̀. Obìnrin kan tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá dúró lọ́dọ̀ wọn. Obìnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ Faransé. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ. Ó fa ewúrẹ́ kan lọ́wọ́. Ó so ewúrẹ́ náà mọ́ igi, ó wí fún ọmọ náà pé: “Look after my goat.” Ó sì lọ ra iyọ̀.

Ọmọ náà ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mọ̀ pé “goat” ni ewúrẹ́. Ó mọ̀ pé “look” ni kí ènìyàn wo nǹkan. Ó mọ̀ pé “after” ni lẹ́yìn. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé: “Wọ́n ní kí n wo ẹ̀yìn ewúrẹ́.” Ó lọ sí ẹ̀yìn ewúrẹ́, ó wò ó. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ìrù. Ó bá lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré.

Kò pẹ́, okùn tú. Ewúrẹ́ sá lọ.

Nígbà tí obìnrin náà padà dé, ó kígbe pé: “Look for my goat!” Ọmọ náà tún gbọ́ “look”. Ó dúró, ó ń wo igi. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wí fún un pé: “Ọmọ mi, wọ́n ní kí o wá ewúrẹ́ wọn. Sáré!”

Wọ́n rí ewúrẹ́ náà nídìí igbá alágbàdo. Ó ti jẹ àgbàdo púpọ̀. Ìyá ọmọ náà ni ó san owó àgbàdo. Èrè ọjọ́ náà sì lọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan, iṣẹ́ mẹ́ta

Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí kò mọ̀ ni pé, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kékeré lè tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ mìíràn, kí àwọn méjèèjì di ọ̀kan, kí ìtumọ̀ sì yí padà. Ẹ wò ó:

“Look at the goat.” Wo ewúrẹ́. Ojú nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́.
“Look for the goat.” Wá ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ti sọnù.
“Look after the goat.” Tọ́jú ewúrẹ́, máa ṣọ́ ọ. Má ṣe kúrò nídìí rẹ̀.

Faransé ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ mẹ́ta yìí: “regarder”, “chercher”, “garder”. Yorùbá náà ní mẹ́ta: wò, wá, tọ́jú. Ṣùgbọ́n “look” kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì mú. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ó tẹ̀ lé e ni ó ń sọ iṣẹ́ tí a ó ṣe.

Yorùbá náà ní irú rẹ̀

Ẹ má bẹ̀rù. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lẹ́nu yín láti kékeré. Ẹ gbọ́ “pa”:

Alápatà pa ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kú.
Ìyá pa owó mọ́. Olè kò rí i.
Ẹ̀gbọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Ilẹ̀kùn kò ṣí sílẹ̀ mọ́.
Ọ̀lẹ pa iṣẹ́ tì. Iṣẹ́ kò parí.

Nígbà tí ìyá àgbà bá wí fún ọmọ ọmọ rẹ̀ pé: “Ọlọ́run á pa ọ́ mọ́,” ọmọ kì í sá. Àmín ni ó ń ṣe. Ó mọ̀ pé “mọ́” ti yí “pa” padà. Àlejò tí ó gbọ́ “pa” nìkan ni ẹ̀rù yóò bà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì. “Give” ni kí a fún ènìyàn ní nǹkan. “Give back” ni kí a dá nǹkan padà. “Give up” ni kí a jáwọ́ nínú nǹkan. “Put on your shoes” ni wọ bàtà rẹ. “Take off your shoes” ni bọ́ bàtà rẹ.

Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ kékeré kì í yí nǹkan padà. “After the rain” ni lẹ́yìn òjò. “Under the table” ni lábẹ́ tábìlì. “In the pot” ni nínú ìkòkò. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ gbọ́ gbólóhùn dé òpin kí a tó mọ ohun tí a ń sọ.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ

Má ṣe kọ́ “look” lọ́tọ̀, kí o kọ́ “after” lọ́tọ̀. Kọ́ wọn pọ̀. Fi wọ́n sínú gbólóhùn kan tí ó bá ilé rẹ mu. Bí o bá lè fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ṣe é, ṣe é bí o ti ń sọ ọ́. Bí kò bá yé ọ, béèrè kí o tó lọ ṣeré.

Ní ọjọ́ ọjà mìíràn, obìnrin náà tún fa ewúrẹ́ wá. Ó tún wí pé: “Look after my goat.” Ọmọ náà gba okùn, ó jókòó tì í, kò sì dìde títí obìnrin náà fi dé.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ìbéèrè

1. Kí ni ọmọ náà rò pé obìnrin náà ní kí òun ṣe?
2. Ta ni ó san owó àgbàdo? Kí nìdí rẹ̀?
3. Ìwé rẹ sọnù. Ṣé “look after” ni o ó sọ, tàbí “look for”?
4. Wá ọ̀rọ̀ Yorùbá mìíràn tí ọ̀rọ̀ kékeré ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà bíi “pa”. Fi ṣe gbólóhùn méjì.