Táyà Ọkọ̀ Ẹrù Wa: Ojú Rẹ̀ Nìkan Kọ́ Ni Kí Ẹ Máa Wò

  

Ẹ rántí pé ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ táyà píkáàpù ẹgbẹ́ wa di àríyànjiyàn. Dírẹ́bà wa ní táyà méjì ẹ̀yìn ti gbó. Àwọn kan nínú wa lọ wò ó, wọ́n ní, "Ojú rẹ̀ ṣì wà dáadáa, kí ló gbó níbẹ̀?" Àwọn mìíràn ní bó bá di dandan, ká ra tókúnbọ̀ méjì, kí owó tó kù wà lọ́wọ́ Ìyá Akápò. Ìyálọ́jà wá ní kí èmi akọ̀wé lọ wádìí, kí n kọ ọ́ síbí, kí gbogbo wa lè mọ ohun tí a fẹ́ dáwó sí. Mo lọ bá fọkanáísà méjì, mo bá àwọn tó ń ta táyà sọ̀rọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ọkọ̀ wa fúnra mi. Ẹni tí kò bá lè ka ìwé, kí ó ní kí ọmọ rẹ̀ kà á sétí òun.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní ọdún 2016, àwa mẹ́ta jókòó sórí ẹrù nínú píkáàpù kan tí a háyà ní Ìṣẹ́yìn, à ń bọ̀ ní Ìbàdàn. Àpò èlùbọ́ wà nísàlẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ata wà lókè. Oòrùn ọjọ́ yẹn mú gan-an. A ò tíì dé Mọ́níyà tí táyà ẹ̀yìn kan fi bẹ́ gbòà bí ìbọn. Ọkọ̀ yà bàrá, ó já wọ igbó. Ọlọ́run yọ wá, ẹnikẹ́ni ò kú, ṣùgbọ́n apá ọ̀kan nínú wa kán. Oṣù mẹ́rin ni kò fi lè dé ìsọ̀ rẹ̀. Ata wa fọ́n sójú títì, mọ́tò sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójú wa.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé táyà náà kò pá rárá. Oṣù mẹ́ta péré ni ọlọ́kọ̀ ti rà á ní tókúnbọ̀, ojú rẹ̀ sì jinlẹ̀ bí tuntun. Fọkanáísà tó wá tú u ló fi nọ́ńbà kan hàn wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 1106. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, táyà yìí ti pé ọdún mẹ́wàá." Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé táyà ní ọjọ́ orí, àti pé táyà lè gbó kó má pá.

BÍ A ṢE Ń KA ỌJỌ́ ORÍ TÁYÀ

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ ó rí lẹ́tà mẹ́ta yìí: DOT. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mìíràn máa ń tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ mú. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Tí ẹ bá rí 1106, ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2006 ni wọ́n ṣe é. Tí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ mẹ́ta péré, ẹ má dúró ṣírò ó, wọ́n ti ṣe táyà yẹn kí ọdún 2000 tó wọlé.

Nígbà mìíràn ẹ lè má rí nọ́ńbà yìí lápá ìta, nítorí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí pátápátá. Ẹ ní kí fọkanáísà wo ẹ̀yìn táyà, níhà abẹ́ ọkọ̀. Bí ẹni tó ń ta táyà bá ti fi nǹkan ha nọ́ńbà náà kúrò, ẹ máa bá tiyín lọ.

Kí ló ń mú kí táyà tí kò pá bẹ́? Ẹ wo rọ́bà tí a fi ń di owó. Tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ lè fà á títí. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú ọ̀rá fún ọdún mélòó kan, tí ẹ bá fà á, á já. Ẹnì kankan ò lò ó, síbẹ̀ ó gbó. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà. Inú rẹ̀ ní wáyà àti okùn tí rọ́bà lẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Oòrùn, ooru àti afẹ́fẹ́ ń gbẹ rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀, ó ń le, kò lè di wáyà àti okùn yẹn mú mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹrù bá wúwo tí ọ̀nà sì gbóná, ìpele ojú rẹ̀ á ṣí kúrò lára ti abẹ́, ó parí nìyẹn.

Ọdún mélòó wá ni táyà ń lò? Ohùn wọn ò ṣọ̀kan. Àjọ ìjọba tó ń mójú tó ojúlówó ọjà, ìyẹn SON, sọ pé ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń ṣe táyà ní láti ọdún karùn-ún, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, tó bá sì pé ọdún mẹ́wàá, kí a yọ ọ́, ì báà jẹ́ pé a ò lò ó rí. Èrò tèmi, nítorí ẹrù wa wúwo, ọ̀nà wa ò dán, oòrùn wa ò sì ṣeé fi ṣeré: láti ọdún kẹrin ká máa ṣọ́ ọ, kó má sì kọjá ọdún kẹfà lábẹ́ ọkọ̀ ẹrù.

ÀWỌN ÀMÌ MÌÍRÀN

1. Ojú táyà. Nínú àwọn ọ̀nà tó wà lójú táyà, tí omi ń gbà jáde, ẹ ó rí àwọn ibi kékeré tó ga díẹ̀. Bí ojú táyà bá ti jẹ dé ibẹ̀ tó sì bá wọn dọ́gba, ó ku mílímítà 1.6 péré. Táyà ti tán nìyẹn. Ní ìgbà òjò, ẹ má dúró dìgbà náà. Tó bá ti ku mílímítà 3, ẹ ti máa wá owó, nítorí táyà tí kò lè lé omi kúrò lábẹ́ á kàn máa yọ̀ lórí omi ni.

2. Bó ṣe ń jẹ. Tí àárín bá jẹ ju ẹ̀gbẹ́ lọ, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Tí etí méjèèjì bá jẹ tí àárín sì wà, afẹ́fẹ́ kò tó. Tí etí kan ṣoṣo bá jẹ, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni kò tọ́, ẹ gbé e lọ fún aláíǹmẹ́ǹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tuntun tí ẹ bá rà á jẹ bákan náà.

3. Sísán. Tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ń sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, rọ́bà ti gbẹ.

4. Kókó. Tí ẹ̀gbẹ́ táyà bá yọ kókó, okùn inú ti já. Èyí kò ní àtúnṣe. Kí ọkọ̀ má gbérù pẹ̀lú rẹ̀ mọ́, kódà dé ọjà tó tẹ̀ lé e.

5. Gbígbọ̀n. Tí dírẹ́bà bá ní ọwọ́ ọkọ̀ ń gbọ̀n, tí a sì ti ṣe bàláńsì tí kò dẹ́kun, kí a tú táyà wò. Ẹ má sọ pé dírẹ́bà ń wá owó. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

ẸRÙ ÀTI AFẸ́FẸ́

Ìbáwí yìí kan gbogbo wa, títí kan èmi náà. Píkáàpù bíi tiwa, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n ṣe é fún. Àpò àgbàdo ńlá tó jẹ́ 100 kílò, mẹ́wàá péré ti pé tọ́ọ̀nù kan. Mélòó là ń kó sí i? Ẹ̀rín ni mo gbọ́ yẹn o.

Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó tí ẹrù sì tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa wó, á máa nà, ní gbogbo ìgbà tó bá ń yí. Wíwó àti nínà yẹn ló ń mú kó gbóná láti inú. Ooru yìí ló ń pa táyà ju ìṣó lọ. Nítorí náà, kí dírẹ́bà fi gééjì wọn afẹ́fẹ́ láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Kí ó wo ìwé kékeré tó lẹ̀ mọ́ ibi ilẹ̀kùn dírẹ́bà, iye afẹ́fẹ́ tó yẹ wà níbẹ̀, ti ọkọ̀ òfìfo àti ti ọkọ̀ tó ru ẹrù. Fífi ẹsẹ̀ ta táyà tàbí fífi igi lù ú kì í ṣe gééjì. Bó bá sì ti gbóná lójú ọ̀nà, kí ó má dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù. Kí ó páàkì sábẹ́ igi kó tutù.

BÍ A BÁ FẸ́ RA ÒMÍRÀN

Nígbà kan rí, wọ́n ń ṣe táyà nílẹ̀ wa níbí, Dunlop ní Ìkẹjà, Michelin ní Port Harcourt. Michelin dáwọ́ dúró ní 2007, Dunlop ní 2008. Ojú omi ni èyí tó pọ̀ jù ń gbà dé báyìí, kí ó tó wá jókòó sí ìsọ̀. Ìdí nìyí tí "tuntun" nìkan kò fi tó. Táyà tuntun pẹ̀lú lè ti lo ọdún mẹ́ta nínú oòrùn kí ẹ tó rà á. Ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹ tó na owó.

Ẹ wo lẹ́tà C tó máa ń wà lẹ́yìn ìwọ̀n táyà ọkọ̀ ẹrù, bíi 195R14C tó wà lára tiwa. C yẹn ni pé ti ẹrù ni. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ń sọ ẹrù tí táyà kan lè rù. 106 túmọ̀ sí 950 kílò. 91, tó wọ́pọ̀ lára táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, túmọ̀ sí 615 kílò péré. Ẹ wá ṣírò ó: táyà ẹrù méjì lẹ́yìn lè ru 1,900 kílò, ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì ò lè ju 1,230 lọ. Ìdí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì ti ń tẹ̀ wọ́n kí a tó gbé àpò kan sí i. Tí wọ́n bá ní "Màmá, ó wọ ríìmù yín, ó sì dínwó," ẹ bi wọ́n pé àpò mélòó ló lè rù.

Ẹ fi ọwọ́ yẹ inú táyà wò. Àwọn kan máa ń ki táyà bọ inú ara wọn kí púpọ̀ lè wọ inú kọ̀ńténà kan. Ìyẹn ń ká wáyà etí rẹ̀, kò sì ní tọ́ mọ́. Bí etí táyà bá ti wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ èyí tí wọ́n fi irin gbígbóná gé ojú rẹ̀ kó lè dà bíi pé ó jinlẹ̀, àti èyí tí wọ́n kun tó ń dán. Dídán kì í ṣe agbára.

Ní ti tókúnbọ̀, ìjọba ti kọ̀ ọ́ pé kí a kó táyà àlòkù irú tiwa wọlé láti òkè òkun. Ó ṣì wà nígboro, gbogbo wa mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó yọ ọ́ kúrò lára ọkọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún ní ìdí tó fi yọ ọ́.

OWÓ ŃKỌ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò bí ọlọ́jà. Àpẹẹrẹ lásán ni iye tí mo fẹ́ lò yìí o. Ká ní tókúnbọ̀ jẹ́ ₦30,000, ó sì lo oṣù márùn-ún. ₦6,000 là ń san lóṣù. Ká ní tuntun jẹ́ ₦90,000, ó sì lo ọgbọ̀n oṣù. ₦3,000 ni lóṣù. Èwo ló wọ́n? Ẹ ò tíì ka ata tó fọ́n sójú títì, ẹ ò tíì ka owó ilé ìwòsàn. Àwọn baba wa ní ìgbẹ̀yìn ní í dun olókùú àdá.

Ọ̀RỌ̀ ỌKỌ̀ WA

Nọ́ńbà tí mo kà lára ọkọ̀ ẹgbẹ́ wa nìyí. Méjì iwájú: 1523. Wọ́n ṣì dára, kò sí kókó, kò sí sísán. Méjì ẹ̀yìn: 3417. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2017 ni. Ojú wọn ṣì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ wọn ti sán. Sípéà tó wà lábẹ́ ọkọ̀: 4013. Ìyẹn ju ọdún mẹ́wàá lọ, orúkọ lásán ló ní.

Ohun tí mo fẹ́ dábàá níwájú Ìyálọ́jà àti gbogbo ilé nìyí: ká ra tuntun méjì tó ní C àti 106, kí a fi wọ́n sí ẹ̀yìn, kí a pààrọ̀ fáàfù wọn pẹ̀lú. Ẹ̀yìn ni mo ní o, nítorí ibẹ̀ ni ẹrù ń tẹ̀, tí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá sì yọ̀ nínú òjò, ó ṣòro fún dírẹ́bà láti mú un padà. Lẹ́yìn ìyẹn, tí owó bá tún wọlé, ká ra sípéà. Kí ẹnikẹ́ni má ta ògbólógbòó wọ̀nyẹn fún ọlọ́kọ̀ mìíràn. Ọmọ ẹlòmíràn ló máa jókòó lé e lórí.

Dírẹ́bà wa kò parọ́. Kí àwọn tó bú u, títí kan èmi tí mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà, bẹ̀ ẹ́.

Ká lọ ire, ká bọ̀ ire. Ọjà á tà o.

Èmi ni akọ̀wé yín, ìyá elélùbọ́.