Ẹ̀rọ Amúlétutù Tí Ń Mí Hẹlẹ

Bí ọyẹ́ bá da eruku bo Ìbàdàn, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń tàn, tí ń kú, bí ọmọ tí gìrì mú, ọ̀pọ̀ a ké sí oníṣẹ́ pé kó fi gáàsì kún un. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá, nítorí gáàsì àpọ̀jù gan-an a máa dá àìsàn yìí sílẹ̀. Ooru inú ilé ni gáàsì ń rù lọ síta. Bí ìdọ̀tí bá dí apá ìta, tàbí tí fáànù kò yí dáadáa, gáàsì kò ní ríbi sọ ẹrù náà kalẹ̀, ìfúnpá a sì ga títí súwíìṣì ààbò yóò fi pa ẹ̀rọ. Ìfúnpá gáàsì R-410A tó ń di omi ní 49°C tó 418 psi. Ní tèmi, kí a pa iná, kí a fi omi fọ apá ìta, ká tó mú géèjì ìfúnpá: ìyẹ́ adìyẹ lásán ni mo bá lára ẹ̀rọ kan.