Ọ̀daràn Kì Í Sábà Jìnnà sí Ọ̀nà Tó Mọ̀

Láti ọdún 1975 títí di 1980, ẹ̀rù kò jẹ́ kí àwọn obìnrin lè dá rìn lálẹ́ ní àríwá England. Ọkùnrin kan ń pa wọ́n. Obìnrin 13 ló kú. Ní 1979, ẹnì kan fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá pé òun ni apànìyàn náà. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ará Sunderland, ni wọ́n bá ń wá ará Sunderland kiri. Irọ́ gbáà ló pa.

Ní December 1980, Stuart Kind, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, pa ti kásẹ́ẹ̀tì tì. Ó sàmì sí ibi tí àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ náà ti wáyé lórí máàpù, ó sì wá ojú ibi tó súnmọ́ gbogbo wọn jù lọ. Ó tún wo aago, nítorí ẹni tó jìnnà sílé yóò fẹ́ tètè padà. Ó ní Bradford ni apànìyàn náà ń gbé, láàrin Manningham àti Shipley. Ní January 1981, ọlọ́pàá mú Peter Sutcliffe, awakọ̀ lọ́rì, ní Sheffield nítorí nọ́ńbà ọkọ̀ ayédèrú. Heaton ló ń gbé, láàrin àdúgbò méjèèjì yẹn gan-an. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni ọlọ́pàá ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò tẹ́lẹ̀!

Paul àti Patricia Brantingham, tọkọtaya onímọ̀ ní Kánádà, ṣàlàyé ohun tó fa irú èyí. Ọ̀daràn náà ní ilé, ó ní ibi iṣẹ́, ó ní ibi tó ti ń ṣe fàájì. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ ló ti ń rí ẹni tí yóò ṣe níbi. Ìdí nìyí tí ètò ìlú fi kan ọ̀rọ̀ yìí: ilé tó wà létí títì ńlá tàbí nítòsí ibùdókọ̀, ojú púpọ̀ ló ń rí i, ojú olè náà wà níbẹ̀. Àdúgbò tí ọ̀nà rẹ̀ kò já síbì kan, àlejò kì í sábà gbà á kọjá. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, ọ̀daràn a máa yẹra fún un, torí wọ́n mọ̀ ọ́n níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fẹsẹ̀ ara yín rin ọ̀nà tí ọmọ ń gbà lọ sí ilé kéwú lẹ́ẹ̀kan, ní àkókò tí òun gan-an ń gbà á. Ẹ wo àwọn tó máa ń jókòó síbẹ̀, àti ibi tí ọ̀nà ti dá.

Kim Rossmo, ọlọ́pàá ní Vancouver, ló sọ irú ìṣirò yìí di iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní àwọn ọdún 1990. Àdúgbò tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wá ló ń fi hàn, kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀daràn bá sì ti ìlú mìíràn wá ṣọṣẹ́, kò lè tọ́ka sí ilé rẹ̀.